Ètò ìdarí ọ̀dọ́ gbà mí wọlé, ọ̀gá mi ò sì fẹ́ gbọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan gbà mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó fèsì fún àwọn tó ń dúró dè mí.

Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà níbi iṣẹ́ mi. Tí a bá ṣíwọ́, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó ti pa ilé ẹ̀kọ́ tì ní ìwé kíkà àti ìṣirò. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ò lè ka orúkọ ara wọn nígbà tí wọ́n dé. Ní báyìí, àwọn ló ń ka lẹ́tà fún ìyá wọn. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi ju èyí tí mò ń gbowó oṣù lé lórí lọ.

Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe aṣáájú ti wá gbà mí wọlé. Oṣù mẹ́sàn-án ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé la ó máa pàdé, oníkálukú á sì ṣe iṣẹ́ kan fún àwùjọ rẹ̀ kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gá mi ní òun ò lè yọ̀ǹda ọjọ́ Ẹtì fún mi. Bàbá mi ní kí n má fi iṣẹ́ tó dájú ṣeré nítorí ìwé tí màá gbé kọ́ ara ògiri. Màmá mi ní kí n lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ètò báyìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọ iṣẹ́ yín dà lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá? Ṣé ẹ ṣì ń sin àwùjọ, àbí ọjọ́ tí ètò parí náà ni ìtara parí?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé mo mọ ẹnì kan tó dá yàrá ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ó lọ sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé, àpérò kan sí òmíràn ló ń lọ, wọ́n sì ti ti yàrá ìkàwé náà pa. Mi ò fẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, o kú oríire. Èmi náà ṣe irú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ. Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, nọ́ọ̀sì ni mí di òní. Ẹni tó bá ń wò mí láti òkèèrè lè ní kò sóhun tó yí padà.

Ohun tó yí padà ni bí mo ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń ní ká ṣe alága ìpàdé lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ wa á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bébà, á máa sàmì sí iye ìgbà tí alága já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíì, á sì kọ orúkọ ẹni tí kò lanu rárá títí ìpàdé fi parí. Tí ìpàdé bá tán, á gbé bébà náà lé ọ lọ́wọ́, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ yẹn wọ̀ mí lára. Lónìí, tí a bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún àwọn tó máa sùn mọ́jú ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì tó kéré jù ni mo kọ́kọ́ máa ń bi léèrè ohun tó rí lára àwọn aláìsàn, nítorí tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọmọdé ò ní sọ ohun tó yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ló ṣàkíyèsí pé ìwọ̀n oògùn tí wọ́n kọ fún ọmọ kan ti pọ̀ jù. Ká ní àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni, bóyá kì bá tí lanu.

Ní ti iṣẹ́ àwùjọ, mo ṣì ń ṣe é, ìdí tí mo sì fi ń ṣe é ni àwọn tí a jọ wà níbẹ̀. A ṣì ń pe ara wa. Nígbà tí mo fẹ́ fi orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, lọ́yà tó wà nínú wa ló bá wa ṣe gbogbo ìwé rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Tí ó bá rẹ̀ mí, àwọn ló ń gbé mi dìde.

Aláròjinlẹ̀

Èmi fara mọ́ bàbá rẹ díẹ̀. Owó oṣù yẹn ló ń jẹ́ kí o lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́. Má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ètò oṣù mẹ́sàn-án, láìka bó ti wù kó dára tó. Ètò míì ṣì máa wà.

Agbaniṣíṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń gba èèyàn síṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí. Orúkọ ètò lórí síífì (ìwé tí èèyàn fi ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tó ti ṣe) kì í mú mi gba ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé: kí ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ níbẹ̀? Kí ló bàjẹ́? Kí lo ṣe sí i? Ẹni tó bá dáhùn pé “wọ́n kọ́ wa ní ìdarí, wọ́n kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ sísọ láàárín èrò,” mo ti gbàgbé rẹ̀ kó tó jáde. Àmọ́ ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ìwé wá kò dé, àwọn òbí ti péjọ, ó wá ní kí àwọn ọmọ tó dàgbà máa ka ìwé tó wà nílẹ̀ fún àwọn kékeré títí ọkọ̀ fi dé. Inú ètò ìdarí ọ̀dọ́ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà á síṣẹ́, ó sì ti di olórí ẹ̀ka báyìí.

Ọ̀nà kejì tí ètò fi ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́ ni àwọn àgbà tó bá rí ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo Colin Powell, ọ̀gágun tó di akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ààrẹ Lyndon Johnson dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 1964, tí wọ́n fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ wá ṣiṣẹ́ fún ọdún kan lábẹ́ àwọn aláṣẹ ìjọba. Powell wọlé sí ètò yẹn ní 1972, ó sì bá ara rẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìṣúná ìjọba, níbi tí Caspar Weinberger àti Frank Carlucci ti jẹ́ ọ̀gá. Nígbà tí Weinberger di akọ̀wé ètò ààbò, ó ní kí Powell wá ṣe olùrànlọ́wọ́ òun lórí ọ̀rọ̀ ológun, ní 1983. Nígbà tí Carlucci náà di olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, ó fi Powell ṣe igbákejì. Kò sẹ́ni tó gbà á nítorí ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń dùn mí ni pé àwọn míì á gba ètò kan tán, wọ́n á tún wá òmíràn, wọ́n á tún wá òmíràn. Síífì wọn á kún, ọwọ́ wọn á ṣófo.

Tíṣà Àgbà

Ìbéèrè rẹ pé bóyá ìtara máa ń parí jẹ́ ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ti fi ojú ìwádìí wò, mo sì fẹ́ sọ méjì fún ọ nítorí èsì wọn ò dọ́gba.

Ní 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà láti ran àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Ewu ńlá ni. Wọ́n pa àwọn kan. Doug McAdam, onímọ̀ nípa àwùjọ, wá àwọn tó lọ kàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tún wá àwọn tí wọ́n gbà wọlé àmọ́ tí wọn ò lọ mọ́. Ọgbọ́n inú rẹ̀ nìyẹn: àwọn ìpín méjèèjì ló fẹ́ sìn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà èèyàn lè rí ohun tí lílọ fúnra rẹ̀ fi kún un. Nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1988, àwọn tó lọ ṣì wà nínú ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ àtúnṣe àwùjọ ju àwọn tí kò lọ. Owó tó ń wọlé fún wọn sì kéré sí ti àwọn yẹn, kí a má fi ìyẹn pa mọ́.

Ní 2009, òun àti Cynthia Brandt tún yẹ àwọn tó wà nínú Teach For America wò. Ètò yẹn ń rán àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lọ kọ́ àwọn ọmọ tálákà fún ọdún méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó parí ọdún méjèèjì ló wà lẹ́yìn nínú iṣẹ́ sísin àwùjọ, àwọn tó fi í sílẹ̀ lágbedeméjì àti àwọn tí wọ́n gbà tí wọn ò lọ sì wà níwájú wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ náà ti tán àwọn kan nínú wọn lókun.

Lójú tèmi, ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni pé àwọn ti Mississippi jọ gbé, wọ́n jọ kọrin, wọ́n jọ bẹ̀rù, wọ́n sì wà pẹ̀lú ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ tí wọ́n rán lọ, òun nìkan ló ń dúró níwájú kíláàsì rẹ̀. Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ nípa lọ́yà wọn bá èyí mu gan-an.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń wò nínú ètò èyíkéyìí: ṣé inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ìsìn wà, àbí wọ́n ní kí ẹ lọ ṣe é tó bá yá? Nígbà tí Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Boy Scouts sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1907, ó pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́rin, ó sì fi ọmọ kan ṣe olórí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Nínú ètò Duke of Edinburgh tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 fún àwọn ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tó lè gba àmì ẹ̀yẹ láìṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwùjọ, yálà ti idẹ, ti fàdákà tàbí ti wúrà. Chevening, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní tirẹ̀ ní kí ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ tán padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán. Irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ rí èso iṣẹ́ wọn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an sà. Ẹ ṣeun mà. Mo ti ń kà á fún bàbá mi. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò náà, wọ́n ní iṣẹ́ àwùjọ náà bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kejì, alámòójútó kan á sì máa wá wò ó níbi tí a bá ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ló kù. Kí ni kí n sọ fún un?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Má lọ fẹnu bẹ̀ ẹ́ mọ́, kọ lẹ́tà. Ẹ̀ka ìṣirò owó lo wà, nítorí náà o mọ̀ pé ìparí oṣù ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ yín jù. Sọ fún un pé ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù, o ò ní lọ. Sọ ẹni tó máa dúró fún ọ ní àwọn ọjọ́ Ẹtì yòókù, kí ẹni náà sì ti gbà kí o tó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Sọ wákàtí tí o máa fi dí i. Kí àwọn elétò náà kọ̀wé sí i pẹ̀lú. Ọ̀gá tó gbọ́ “mo fẹ́ gba ààyè” á rò pé ẹrù ló ń bọ̀ wá bá òun. Ẹni tó bá rí i lórí ìwé pé o ti pín ẹrù náà kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn elétò ná, kí o tó ṣèlérí ọjọ́ Ẹtì ìparí oṣù fún un.

Ní ti àwọn ọmọ rẹ, má dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ nítorí ètò yìí. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni kí o fi ṣe iṣẹ́ àwùjọ tí wọ́n ń béèrè. Ó dà bíi pé kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé tí o sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, òun ló ṣe kú nígbà tó lọ. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ tiyín? Ta ló ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ọmọ? Ta ló mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ìwé dé? Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì

Akọ̀wé, ẹ kú làákàyè. Ọmọ mi, fi èyí kún un: Sátidé á rẹ̀ ọ́. Ẹ̀yin mẹ́ta ẹ jọ pín ọjọ́ tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ìtara nìkan ò lè gbé e.

Olùbéèrè

Èmi nìkan ni ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ ẹ̀, Akọ̀wé. Mo ti fún ọ̀rẹ́ mi kan ní ìwé náà, a sì jọ jókòó kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé sí i.

Ọ̀gá mi ti ka lẹ́tà. Ó gbà, bí mi ò bá kúrò níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì méjì tó gbẹ̀yìn oṣù kọ̀ọ̀kan. Mo bá àwọn elétò sọ ọ́, wọ́n ní mo lè kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ tí mo bá pàdánù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, Sátidé nìkan ni mi ò gbọ́dọ̀ pa jẹ. Bàbá mi ní òun ò tíì gbà tán, àmọ́ òun ò ní dí mi lọ́wọ́. Mo ti fọwọ́ sí ìwé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń wá olùkọ́ ọ̀fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ o, nítorí ẹnì kan sí i la nílò kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.