Ẹ gbà mí o: ṣé CRISPR (ọgbọ́n títún DNA ṣe) ni kí n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àbí bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀?

Tíṣà Láàbù: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ báyótẹ̀kì (fífi ohun alààyè ṣe oògùn àti nǹkan mìíràn) ní Amẹ́ríkà níbí. Community college kan ní North Carolina ni mo ti ń kọ́ wọn ní láàbù, kọ́ọ̀sì ọlọ́dún méjì. Wọ́n ní kí n tún sẹ́mẹ́sítà tó gbẹ̀yìn tò, ọ̀sẹ̀ 16 péré ni mo sì ní. Àwọn ọ̀gá ń pariwo pé kí n ki CRISPR bọ̀ ọ́, àgàgà látìgbà tí FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oògùn, ti fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tí wọ́n fi CRISPR ṣe, lóṣù Kejìlá 2023 fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ń lọ. Mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ọmọ mi kan tó mọ̀wé dáadáa lọ fún íntáfíù, wọ́n bi í pé tó o bá kọ nọ́ńbà tó ṣì sínú batch record (ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ṣe oògùn sí) kí lo máa ṣe, ó ní òun á fi whiteout (ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń bo àṣìkọ) pa á rẹ́ òun á tún un kọ! Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́, torí èmi ni mi ò kọ́ ọ. Kí ni kí n fi ṣáájú báyìí?

Sisí QC: Whiteout kẹ̀?? Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ìlà kan ṣoṣo la máa ń fà sórí ohun tá a kọ ṣì, kí wọ́n ṣì lè rí i kà, ká wá kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ká fọwọ́ sí i, ká kọ déètì àti ìdí tá a fi yí i padà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní QC (ibi tá a ti ń yẹ ìdára ọjà wò), ohun tó ò bá kọ sílẹ̀, o ò ṣe é nìyẹn, ì báà jẹ́ pé gbogbo wa la dúró tì ẹ́ nígbà tó ò ń ṣe é. Tí FDA bá dé, ìwé ni wọ́n máa bèèrè, wọn ò ní ní kó o wá fa pípẹ́ẹ̀tì (ohun tá a fi ń wọn omi díẹ̀díẹ̀) káwọn wò ó. Ẹ ò ní láti ya ọ̀sẹ̀ kankan sọ́tọ̀ fún un o, ìwé láàbù wọn ni kẹ́ ẹ máa máàkì bí ẹni pé ẹ̀yin ni aṣàyẹ̀wò, ẹni tó bá kọ ọ́ sórí tíṣù kó tó wá dà á kọ, òdo.

Ayékòótọ́: Mi ò fara mọ́ ọn pátápátá o. Ẹ má lọ sọ wọ́n di akọ̀wé. Sẹ́ẹ̀lì aláìsàn la máa ń tọ́ níbi tí mo wà, ti ẹnì kan ṣoṣo ni o, tí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ẹni tára ẹ̀ ò yá yẹn ló máa dúró de òmíràn, tí ara ẹ̀ bá ṣì lè dúró. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn! Kí wọ́n má gba ọwọ́ kọjá lórí ìgò tó ṣí sílẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọtí (alcohol) ìdá 70 nínú 100 la fi ń nu nǹkan, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí kì í ṣe 100, ẹ̀ẹ́ rí i bójú wọn ṣe máa rí. Omi inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó ráyè wọ inú kòkòrò, èyí tí ò lómi á ti fò lọ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ò bá mọ ìdí, lọ́jọ́ tí ọtí bá tán, á gbé ohunkóhun tó bá rí.

Sisí QC: Bọ̀dá, mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọwọ́ jàre 😂

Ìyá Ìbejì: Community college lèmi náà gbà jáde, alẹ́ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù-sí nígbà yẹn, ọmọ méjì ń bẹ nílẹ̀. Ìṣirò ló fẹ́ gbé mi ṣubú. Wọ́n ní látinú 5 molar (molar ni bí èròjà inú omi ṣe pọ̀ tó) kí n ṣe mílílítà 500 tó jẹ́ 0.1 molar, mo mọ̀ ọ́n o, mílílítà 10 ni kí n bù kí n fi omi kún un dé 500, àmọ́ wọ́n ń wò mí lójú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é ní gbangba, lórí pátákó, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má ṣe ní kí wọ́n lọ ṣe ìntáńṣíìpù (lílọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́) tí wọn ò sanwó fún o ẹ jọ̀ọ́. Ta ló máa san rẹ́ǹtì?

Ọmọ Ọdẹ: Mò ń tẹ̀lé yín o.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Owó ìntáńṣíìpù yẹn, ẹ wo ATE, ètò owó ìrànwọ́ ti NSF (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún sáyẹ́ǹsì), òfin 1992 ló bí i, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ tún kọ̀wé sí InnovATEBIO, ní Austin Community College, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa so àwọn tíṣà báyótẹ̀kì bíi tiyín pọ̀. Ní ti CRISPR, ẹ fi sí i, kí inú àwọn ọ̀gá dùn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, nínú bakitéríà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé oògùn ni wọ́n ń ṣe.

Tíṣà Láàbù: Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Ìbejì, ẹ gbá mi létí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ́ǹtì yẹn, torí èmi gan-an ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣe ìntáńṣíìpù. Mo ti yọ ọ́. Sisí QC, ṣé mo lè rí SOP (ìwé ìlànà bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́) ilé iṣẹ́ yín kan gbà fi kọ́ wọn?

Sisí QC: Ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni? Kì í jáde o! Ẹ kọ tiyín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá fi bíró pupa bá yín kà á.