Òṣùká ẹ́ńjìnnì, nọ́ọ̀kì, àti ọkọ̀ tó ń tiro: èsì sí ìbéèrè lórí M5

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o.

Arákùnrin tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti London fẹ́ kọ ìwé pélébé ní Yorùbá fún àwọn tó ń wá BMW M5 àlòkù rà, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 2005 sí 2010, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní E60. Ó ní ká bá òun wá orúkọ fún àwọn àìsàn tó máa ń ṣe ọkọ̀ náà àti owó tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n wa kan ti kó àwọn ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Mo fara mọ́ díẹ̀ níbẹ̀, mo sì ní ẹjọ́ láti rò lórí ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká tètè kọjá lórí èyí tó rọrùn. "Tòkúnbọ̀" kò bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì ni gbogbo M5 tó wà ní London ti kọjá omi wá. "Àlòkù" ni. "Ògbólógbòó" tí ẹnì kan dábàá, olè la sábà máa ń fi pè. Èmi ò ní fi ta ọkọ̀. Ní ti "ayọ́kẹ́lẹ́ asáré", ó dùn mọ́ mi. Tí ẹ bá wo M5 yìí láti ìta, ẹ lè rò pé ọkọ̀ takisí kan ló ń kọjá. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti rí sílíńdà mẹ́wàá, lítà márùn-ún, agbára ẹṣin 507, ẹ́ńjìnnì tó lè yí ìgbà 8,250 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ọkọ̀ kan bá wà tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ lóòótọ́, òun ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni bẹ́rìnì. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ti táyà ló máa wá sí wa lọ́kàn, èyí tó ní ọmọ róbótó nínú, tó máa ń hùn bí ọkọ̀ bá ń sáré. Èyí tó ń pa M5 kò ní ọmọ kankan. Awẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, tí wọ́n pa dé ara wọn yí ọrùn kíráǹkì (ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) ká níbi tí kọ́ńrọ́ọ̀dù (irin tó so písítìnì mọ́ ọn) ti dì í mú. Sílíńdà mẹ́wàá, awẹ́ ogún. Ọ́ìlì ló ń sáré láàárín awẹ́ àti kíráǹkì, bó bá sì wà níbẹ̀ dáadáa, irin kì í fi ara kan irin. Ojú awẹ́ tuntun a máa ní àwọ̀ eérú. Ẹ tú u lára ọkọ̀ tó ti rìn dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọ̀ eérú yẹn ti jẹ láàárín, bàbà tó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n yọjú. Àwọn kan tó wọn àyè ibẹ̀ ní ó há jù fún ọ́ìlì 10W-60 tó ki báyẹn. Àwọn mìíràn ní àwọn awakọ̀ tó ń tẹ iná mọ́ ọn kí ọ́ìlì tó gbóná ló ń bà á jẹ́. Èmi ò rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì lé èkejì kúrò. BMW fúnra wọn ti pe ọkọ̀ wọn mìíràn, M3 onísílíńdà mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀, padà rí láti pààrọ̀ irú awẹ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n ní ká pè é ní "ìrọ̀rí kíráǹkì". Àǹtí wa láti Ìbàdàn ní "òṣùká". Ẹ̀gbọ́n ta ko òṣùká: ó ní aṣọ ni, ó rọ̀, kì í sì í yí. Ẹ jọ̀ọ́, rírọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojú awẹ́ náà kó rọ̀ ju kíráǹkì lọ, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò jẹ, kíráǹkì kò ní jẹ. Àárín ẹrù àti orí ni òṣùká máa ń wà, nítorí kí orí má bàa dùn ẹni. Orí ìrọ̀rí la máa ń sùn, ta ló sì ń sùn níbi tó ń yí ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan? Òṣùká ni mo dìbò fún.

Orúkọ yìí tún ń ràn wá lọ́wọ́ lórí owó. Nínú àkójọ ẹ̀gbọ́n, abẹ́ "owó àtúnṣe" ni wọ́n fi pípààrọ̀ rẹ̀ sí. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Òṣùká M5, kó tó bàjẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń ṣe é nígbà tí ọkọ̀ bá rin nǹkan bíi 60,000 máìlì, nítorí náà ìtọ́jú ni. Ẹ sì jẹ́ ká pín owó náà sí méjì bí àwọn mẹkáníìkì ti ń pín in: owó ọjà àti owó iṣẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpapọ̀ rẹ̀ sábà máa ń tó £2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Owó iṣẹ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù, torí wọ́n ní láti fi nǹkan gbé ẹ́ńjìnnì rọ̀ lókè, kí wọ́n sọ irin tó gbé e dúró kalẹ̀, kí àwo ọ́ìlì tó lè jáde. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe, tí kíráǹkì wá jẹ, ẹ́ńjìnnì mìíràn ló ń wá, ìyẹn sì lè gba owó tó tó èyí tó fi ra ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ "ìkànlẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì" fún nọ́ọ̀kì. Ẹ má bínú, sà, mo rẹ́rìn-ín. Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ìró. Àmọ́ bí mẹkáníìkì Ládípọ̀ bá sọ pé "ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì", ìkéde òkú ló ń ṣe, ìró ti parí. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti Yorùbá, kò ní padà. Ẹ jẹ́ ká pe ìró ní "ó ń dún kó-kó-kó", ká fi nọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún ikú. Lórí M5, àlàfo àárín méjèèjì kéré gan-an: bó bá ti ń dún kó-kó-kó, kíráǹkì ti fara gba níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ṣáájú ìyẹn, kó fi ọ́ìlì rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n wo iye òjé àti bàbà tó wà nínú rẹ̀.

Ìyókù kò gba ariwo. Ọkọ̀ náà ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ mẹ́wàá, mọ́tò iná kékeré méjì ló ń ṣí wọn. Jíà oníke (àgbá eléyín kékeré) inú mọ́tò iná yẹn a máa jẹ, kọ̀ǹpútà a sì dín agbára ọkọ̀ kù kó má bàa ṣe ara rẹ̀ léṣe. "Ipò àìlera onígbà-díẹ̀" ni àkójọ náà pè é. Ta ló máa sọ ìyẹn lójú títì? Ọkọ̀ ń tiro. Ó tán. Àwọn kan wà tó ń fi jíà tuntun sínú mọ́tò àtijọ́, ó sì dín owó kù gan-an sí ríra odidi tuntun. Pọ́ǹpù gíá SMG (gíá tí kọ̀ǹpútà ń bá awakọ̀ wọ̀) náà a máa kú, ọkọ̀ a sì kọ̀, kò ní wọ gíá rárá. "Pọ́ǹpù gíá" tó fún mi. Àwọn tó ra onígíá ọwọ́ ní Amẹ́ríkà bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Vanos, ẹ̀yà tó ń yí àkókò tí àwọn fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Orúkọ tí BMW gé kúrú láti inú èdè Jámánì ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ò túmọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ "bẹ́rìnì" tàbí "ìrọ̀rí", kó fi dán ìbéèrè olùrà wò: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló pààrọ̀ òṣùká rẹ̀, ní máìlì mélòó, ṣé mo lè rí rìsíìtì?" Bí ẹ bá fi bẹ́rìnì bi í, rìsíìtì ti táyà ni olùtà ọlọ́gbọ́n máa kó fún yín.