Pẹ́pẹ́yẹ mi ń jẹ̀ létí ọ̀sà: ṣé kí n ṣì máa sè ẹyin wọn fún ọmọ?

Ìyá Kẹ́hìndé, Ìkòròdú: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Pẹ́pẹ́yẹ ni mò ń sìn. Etí ọ̀sà ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀, wọ́n á máa fi ẹnu tú ẹrẹ̀ wá ìṣáwùrú. Àwọn ọmọkùnrin kan ti wá gba ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, wọ́n ń jó wáyà láti yọ kọ́pà inú rẹ̀ tà. Eérú rẹ̀ ni òjò ń gbá sómi. Ní báyìí, èèpo ẹyin àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi fẹ́lẹ́, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án lásán, ó ti sán. Ọmọ-ọmọ mi ọlọ́dún méjì kì í fi ẹyin ṣeré, ìyàwó ọmọ mi sì tún lóyún. Kí ni kí n ṣe?

Àlàmú Ẹlẹ́ran: Màmá, ẹ má jáyà. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ sè é kó pẹ́ lórí iná. Kò sí ìdọ̀tí tí iná ò lè pa.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì: Àlàmú, má ṣi ìyá oníyàá lọ́nà. Kòkòrò àrùn ni iná ń pa. Dioxin, ìyẹn májèlé tó ń jáde lára rọ́bà wáyà tí wọ́n jó, omi gbígbóná ò ràn án. Inú ọ̀rá ló ń sá sí, pupa ẹyin sì kún fún ọ̀rá. Ohun tí abo ẹyẹ bá kó sára látinú ẹrẹ̀, ó ń pín in fún ẹyin rẹ̀. Ní Agbogbloshie, ní Accra, níbi tí wọ́n ti máa ń jó irú wáyà yìí nígbà náà, wọ́n yẹ ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri wò. Ìwádìí náà jáde ní 2019: ẹyin kan péré fi ìlọ́po 220 ju ìwọ̀n dioxin tí àjọ elétò oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́. Màmá, ọmọdé àti aboyún ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Bùnmi, Los Angeles: Nígbà kan rí, ilé iṣẹ́ kan níhìn-ín máa ń da DDT, oògùn apakòkòrò, sínú gọ́tà tó lọ sínú òkun. Ẹja jẹ ẹ́, ẹyẹ pelican jẹ ẹja. Èèpo ẹyin wọn wá fẹ́lẹ́ débi pé ìyá tó ń sàba ló ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ní 1970, ní erékùṣù Anacapa, ìtẹ́ 552 ni wọ́n kà, ọmọ kan ṣoṣo ló yè. Wọ́n fòfin de DDT ní 1972, àmọ́ 2009 ni wọ́n tó yọ ẹyẹ náà kúrò lára àwọn tó fẹ́ kú run.

Ìyá Kẹ́hìndé: Yéè! Ṣé májèlé ló mú kí èèpo tèmi náà fẹ́lẹ́ nìyẹn?

Dókítà Ẹran: Kò dandan, màmá. Lára pẹ́pẹ́yẹ ilé, àìtó kásíọ̀mù, èròjà tó ń mú kí èèpo le, ló sábà máa ń fà á. Ẹ gún ìkarahun ìgbín, ẹ dà á sí oúnjẹ wọn. Àmọ́ bí èèpo bá tún le padà, ìyẹn ò sọ pé inú rẹ̀ mọ́ o! Ẹ sé wọn mọ́ ibi tí eérú ò dé, kí ẹ máa ra oúnjẹ fún wọn. Májèlé náà kì í tètè kúrò lára wọn. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ iná yẹn tó ìjọba ìbílẹ̀ létí.

Ìyá Kẹ́hìndé: Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Àwọn tó wà nínú agbọ̀n ńkọ́? Ṣé kí n kó wọn lọ tà lọ́jà?

Tíṣà Báyọ́lọ́jì: Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ọmọ ta lẹ fẹ́ tà á fún?