Ta ló ti sùn ní ilé orí òkè Zealand ní New Hampshire nígbà òtútù rí?

Àdùkẹ́_Worcester

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá New England ni ìbéèrè mi yìí wà fún. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ sí White Mountains ní Fébúárì, lọ́dún yìí wọ́n ní kí n bá wọn lọ. Zealand Falls Hut la máa sùn, ilé ẹgbẹ́ Appalachian Mountain Club. Wọ́n ní ọkọ̀ kì í dé ibẹ̀, pé síkì (pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín) tàbí ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń wọ inú igbó lọ bá a. Mo ti kọ́ síkì orí ilẹ̀ títẹ́ ní pápá gọ́ọ̀fù kan nítòsí ilé wa, mo ti lè dúró dáadáa lórí rẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé wọ́n ní yàrá tí a máa sùn kò ní iná tó ń mú un gbóná, tọkùnrin tobìnrin ló sì jọ ń sùn níbẹ̀. Olúkálukú ló máa gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ. Mùsùlùmí ni mí, mo máa ń bo irun mi. Báwo ni mo ṣe máa ṣe àlùwàlá? Níbo ni mo ti máa kírun? Ṣé wọn ò ní máa wò mí bí ẹni tó ṣìnà débẹ̀? Oúnjẹ wo ni mo lè gbé, kó má lọ jẹ́ búrẹ́dì àti ṣíìsì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́? Ìyá mi ní Ìsẹ́yìn ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù pé òun ò bí mi fún yìnyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti sùn nírú ibẹ̀ rí ni kó dá mi lóhùn.

Ìyá_Bọ̀dé_Manchester_NH

Àdùkẹ́, àbúrò mi, kú ìmúra o. Lọ. Manchester níbí ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí, Zealand yẹn sì ni mo máa ń sá lọ tí iṣẹ́ alẹ́ bá ti gba gbogbo agbára mi. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù lé ẹ padà.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Nígbà ooru, ọkọ̀ ń gba Zealand Road wọlé, ìrìn tó kù kò tó máìlì mẹ́ta. Nígbà òtútù wọ́n máa ń ti géètì ọ̀nà yẹn. Ẹ máa gbé ọkọ̀ yín kalẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́bàá Route 302, ẹ ó sì rìn ju máìlì mẹ́fà lọ kí ẹ tó rí òrùlé. Má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà ọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló tẹ́. Ojú irin àwọn agégi ayé àtijọ́ ni Zealand Trail ń tọ̀. J. E. Henry ni wọ́n ń pe ọ̀gá wọn. Láti àwọn ọdún 1880 ló ti ń gé igi àfonífojì yẹn, ó gé e títí ó fi di ilẹ̀ gbalasa, iná sì jó o ní 1886, ó tún jó o ní 1903. Òfin Weeks ti 1911 ló fún ìjọba àpapọ̀ láyè láti máa ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ṣe igbó ìjọba. Tí o bá ń kọjá láàárín igi wọ̀nyẹn, tí yìnyín jókòó sórí ẹ̀ka wọn, rántí pé ilẹ̀ tó jóná kanlẹ̀ lò ń rìn lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rọra rìn níbẹ̀.

Ìparí ọ̀nà ló le. Nígbà tí o bá rò pé o ti dé, wàá bá gegele kan tó dúró ṣánṣán, kò tó ìdá mẹ́ta máìlì kan, ṣùgbọ́n yóò mú ọ mí hẹlẹhẹlẹ. Bọ́ síkì rẹ nísàlẹ̀, so ó mọ́ báàgì, fi irin onígun, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀, sábẹ́ bàtà, kí o fẹsẹ̀ gùn ún. Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù. Ní Fébúárì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀, nínú àfonífojì sì rèé, ojúmọ́ ń tètè lọ. Kí olúkálukú ní tọ́ọ̀ṣì orí tirẹ̀ lọ́wọ́, àní bí ẹ bá tiẹ̀ gbéra láago mẹ́jọ.

Aṣọ ńkọ́? Òógùn lo máa bá jà. Ẹni tó bá wọ kóòtù ńlá rìn láti ibi ọkọ̀ yóò ti rin gbingbin kó tó rìn jìnnà, nígbà tó bá dúró mumi, omi ara yẹn ni yóò di òtútù sí i lára. Mo ti tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ ti tutù dé ibi tí kò ti lè dárúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, nítorí náà mi ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bẹ̀rẹ̀ ìrìn nígbà tí òtútù ṣì ń mú ọ díẹ̀. Má ṣe wọ aṣọ òwú kankan, títí kan àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀, torí òwú kì í gbẹ lára. Aṣọ irun àgùntàn tàbí ti pólíẹ́sítà ni kó kan ara rẹ. Kóòtù tó nípọn yẹn, inú báàgì ló ń gbé, ìgbà tí ẹ bá dúró ni kí o fà á yọ. Kí o sì di odindi aṣọ kan tó gbẹ sínú ọ̀rá, èyí tí o ò ní fọwọ́ kàn títí wàá fi wọ ilé.

Ó ku ilé. Wọ́n kọ́ ọ ní 1932, èèyàn 36 ló gbà. Nígbà ooru, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń gbé oúnjẹ pọ̀n sẹ́yìn gun òkè, wọ́n á sè é, wọ́n á sì bù ú fún yín. Nígbà òtútù, olùtọ́jú ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gáàsì wà ní kíṣìnnì, ìkòkò àti àwo wà, ẹ̀yin lẹ ó sè é, ẹ̀yin lẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sì ru gbogbo pàǹtí yín sọ̀kalẹ̀. Sítóòfù onígi wà ní yàrá ìjẹun, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dá a, olùtọ́jú ló sì ń kiná sí i. Má ṣe fọwọ́ kan igi láìbi í.

Yàrá ìsùn kò ní iná lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀dì bọ́ǹkì ni wọ́n tò síbẹ̀ bíi ti ilé-ìwé bọ́dìn, mátírẹ́ẹ̀sì wà lórí rẹ̀. Àpò ìsùn tí wọ́n kọ òdo Fahrenheit sí lára tàbí èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí o gbé. Kí o tó sùn, bu omi gbígbóná sínú ike tó nípọn, dé e pinpin, fi í sáàárín itan rẹ. Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀la, fóònù, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn máa bá ọ wọ inú àpò. Mu omi kí o tó sùn, má ṣe torí ilé ìgbẹ́ tó tutù fi ara rẹ du omi. Tí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́ lóru, dìde lọ, oorun ẹni tó ń pa ìtọ̀ mọ́ra kì í dùn.

Ní ti ọkùnrin àti obìnrin, fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ra sílẹ̀ nínú òtútù yẹn. Aṣọ tí wọ́n fi jẹun lalẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ sùn, fìlà irun àgùntàn sì wà lórí gbogbo wọn, bàbá arúgbó àti ọmọ kékeré. Ìbòrí rẹ kò ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Fi ṣíkááfù sátínì sábẹ́ fìlà kí ó má baà gé irun rẹ. Kí o sì mú ohun tí wọ́n fi ń dí etí dání, torí wọ́n ń hanrun níbẹ̀, ó kúrò ní kékeré.

Ṣé wọ́n máa wò ọ́? Mi ò ní parọ́ fún ọ, èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú lọ́pọ̀ ìgbà tí mo lọ. Wọ́n á bi ọ́ níbi tí o ti wá, àwọn kan á bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti rin irú ìrìn yẹn débẹ̀ kì í sábà ní ìgbéraga lára. Kí wọn kí o tó bọ́ báàgì. Bi wọ́n bí yìnyín ṣe rí lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà, ìbéèrè yẹn máa ń la ẹnu gbogbo wọn. Ibi tábìlì gígùn yẹn ni èmi àti ìyá kan tó ń sin màlúù ní Vermont ti dọ̀rẹ́, a ṣì ń pe ara wa títí dòní.

Sùàráù_Providence

Àsàláámù aleekun, Àdùkẹ́. Carter Notch àti Lonesome Lake lèmi ti sùn, ilé ẹgbẹ́ kan náà ni, àwọn méjèèjì ló sì ṣí nígbà òtútù tí mo lọ. Tí ìrìn máìlì mẹ́fà bá wúwo jù fún ọ, Lonesome Lake kò tó máìlì méjì láti ibi ọkọ̀. Gbé e síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá rọrùn. Kíṣìnnì wà, gbé kẹ́tùlù ka gáàsì, fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe é. Àlùwàlá pípé ni kí o ṣe nílé kí o tó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, lẹ́yìn náà wàá lè máa pa ọwọ́ tútù lórí ìbọ̀sẹ̀ náà, arìnrìn-àjò ní ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú òru wọn. Ìbọ̀sẹ̀ onírun lásán, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lé e lórí, bi áfáà rẹ kí o tó lọ. Ìlà oòrùn àríwá la máa ń kọjú sí kírun láti apá ibí. Gbé kọ́ńpáàsì dání, torí fóònù lè kú nínú òtútù. Èmi sọ fún olùtọ́jú ilé ní Carter pé mo fẹ́ kírun, ó ti bẹ́ǹṣì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì ní kí àwọn tó ń ta káàdì rọra sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́ sọ fún un, wàá rí àyè. Ẹní kékeré tó ṣeé ká ni kí o gbé, pákó ilẹ̀ wọn tutù gan-an.

Ìyá_Bọ̀dé_Manchester_NH

Sùàráù, o ṣeun, Ọlọ́run á sàn án fún ọ. Èyí tó kù ni oúnjẹ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ dáadáa. Oúnjẹ wa bá òkè mu ju tiwọn lọ. Gàrí! Kò wúwo, kì í bàjẹ́, omi gbígbóná nìkan ló ń fẹ́. Àwọn kan máa ń dúró ti ìkòkò pásítà kí ó tó hó, ẹ̀bà tèmi á ti wà nínú àwo. Se ẹ̀gúsí rẹ nílé, jẹ́ kó ki, bù ú sínú ọ̀rá tó lágbára, tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ nínú fírísà títí yóò fi dì bíi pákó. Di ọ̀rá méjì lé e. Òtútù ọ̀nà ló máa bá ọ tọ́jú rẹ̀. Yọ egungun inú ẹran kúrò, torí ìwọ lo máa ru egungun náà sọ̀kalẹ̀.

Irú ńkọ́? Mo máa ń fi í sí i, ṣùgbọ́n ilé ni mo ti ń sè é pọ̀ mọ́ ọbẹ̀, mi ò kì í dín in níbẹ̀, torí ilé kan ni gbogbo wa jọ ń gbé lóru yẹn. Kúlíkúlí, dàbínù àti ẹ̀pà ni kó wà nínú àpò kóòtù rẹ. Jẹ wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ láti ibi ọkọ̀ títí dé òkè, má dúró de ebi. Mílò wà fún alẹ́. Omi tí o bá gbé, dojú ike rẹ̀ délẹ̀ nínú báàgì. Òkè omi ló kọ́kọ́ ń dì, ẹnu ike á sì ṣeé ṣí.

Àdùkẹ́_Worcester

Ẹ ṣeun o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà, Bọ̀ọ̀dá Sùàráù. Ara mi ti balẹ̀. Mo ti sọ fún ìyá mi, ó ní kí n ki yín. Ọ̀kan nínú wa ní tí a bá sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ Sunday, kí a kọjá sí Mount Washington kí a gùn ún díẹ̀, pé kò jìnnà. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Bọ̀dé_Manchester_NH

Rárá o, Àdùkẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Inú àfonífojì ni Zealand wà, igi ń gba atẹ́gùn fún ọ. Mount Washington ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,288, orí rẹ̀ kò ní igi, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti wọn atẹ́gùn tó ń sáré máìlì 231 ní wákàtí kan ní oṣù kẹrin 1934. Yìnyín máa ń ya lulẹ̀ ní àwọn kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ti pa àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn. Ẹni tó sùn díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀ láti ìrìn máìlì mẹ́fà, kì í lọ síbẹ̀ nígbà òtútù nítorí pé kò jìnnà. Tí wọ́n bá takú, jókòó sínú ọkọ̀. Kí wọ́n ka ìsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ orí òkè tí Mount Washington Observatory ń gbé jáde, yóò fún ọ lẹ́nu láti fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Kí ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa padà sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé, torí ẹ má gbójú lé fóònù nínú àfonífojì yẹn. Ra káàdì Hike Safe ti ìpínlẹ̀ wa, dọ́là 25 ni mo ra tèmi. Owó rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá èèyàn tó bá sọnù.

Má ra àpò ìsùn. Mo ní méjì, ọ̀kan gba òdo Fahrenheit. Mo sì ní irin onígun tó ṣeé fà gùn tàbí kó kúrú. Kọ sí mi ní kọ̀rọ̀, sọ ọjọ́ tí ẹ ń kọjá, Manchester wà lójú ọ̀nà yín. Láago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń dé láti ibi iṣẹ́, wá lẹ́yìn ìyẹn.