Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni tàbí jùdó fún àbúrò mi obìnrin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Àbúrò mi obìnrin wà ní yunifásítì ní Adó. Ilẹ̀ máa ń ṣú kó tó kúrò ní kíláàsì, ọ̀nà ilé rẹ̀ sì máa ń dá páropáro. Ọkàn mi kì í balẹ̀ rárá. Mo fẹ́ kó kọ́ bó ṣe lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ láìlo ohun ìjà.

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn á jẹ́ kí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àmọ́ bí ẹnìkan bá rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn aṣọ ńkọ́? Jùdó, tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 1882, dá lórí dídi ẹni tá à ń bá jà mú àti gbígbé e ṣubú, bí ìjàkadì tiwa. Wọ́n tún ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń ṣubú tí kò fi ní fi orí gbálẹ̀. Èyí wù mí. Wíwo fídíò nìkan ò tó. Ó yẹ kó máa bá ẹni tí kò ní gbà fún un wẹ́rẹ́ ṣe é. Mo ṣì ń sọ fún un pé bí àyè bá wà, kó sáré, kó kígbe.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ obìnrin ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́? Èló ni lóṣù? Ṣé olùkọ́ obìnrin wà níbẹ̀?