Ibi tí ọ̀rọ̀ pajápajá yọrí sí: a ti sáré ní Èkó, a sì ti padà sí Òṣogbo

Mo béèrè bí àwa tí a jọ ń sáré ní Òṣogbo ṣe lè parí eré ìje kìlómítà 42 ti Èkó kí pajápajá má dá wa dúró. Gbogbo wa parí ẹ̀! Ẹ ṣeun.

Sísùn sí Sùúrùlérè, nítòsí pápá ìṣeré tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀, ló ràn wá lọ́wọ́ jù: kò sí wàhálà ọkọ̀ láàárọ̀. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà náà ṣiṣẹ́ títí a fi dé afárá Third Mainland. Oòrùn ibẹ̀ le, kò sí ibòji rárá. Pajápajá mú ẹnì kan, ó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ó sì dẹ̀. Vaseline tí a fi pa ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn yòókù léròrò, àmọ́ ìka ẹsẹ̀ tèmi ṣì léròrò. Bàtà tó fẹ̀ díẹ̀ ni mo ń wá báyìí.