Ọyẹ́ fẹ́ pa koríko àgbàlá mi n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ará Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìgbà òjò tó kọjá ni wọ́n gbin kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì síwájú ilé mi. Títí di oṣù Kẹwàá, ó tutù yọ̀yọ̀. Ọyẹ́ dé, gbogbo rẹ̀ ń pọ́n. Ixora tí mo fi ṣe ọgbà yí ilé ká náà ń ká ewé. Àbúrò mi ní London ní kí n gé koríko náà mọ́lẹ̀, kí n da ajílẹ̀ sí i, pé bí àwọn ṣe ń ṣe kí òtútù tó wọlé nìyẹn. Ẹni tó ń bá mi gé koríko ní kí n má tilẹ̀ bomi rin ín, òjò á jí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Àlejò Ojúde Ọba, ọdún wa tó máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ń bọ̀ o.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù: Bọ̀dá, ẹ má fá a! Koríko tó ga díẹ̀ ló ń ṣíji bo ìdí ara rẹ̀. Ẹ gbé abẹ ẹ̀rọ yẹn sókè, ẹ sì dín gígé kù. Ajílẹ̀ ńkọ́? Ó di ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Iyọ̀ ni NPK, ajílẹ̀ oníkóró tí wọ́n ń tà lọ́jà, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, á jó gbòǹgbò.

Ọmọ Ìpẹru, Manchester: Àbúrò yín kò purọ́, ibi tó wà ló ń sọ. Òtútù ló ń mú koríko sùn lọ́dọ̀ wa. Ajílẹ̀ tí a ń fún un nígbà náà, nitrogen rẹ̀ kéré, potassium ló pọ̀ níbẹ̀. A máa ń kó ewé tó bá já sórí rẹ̀ kúrò, kó má baà jẹrà. Àmọ́ àwa náà kì í fá a mọ́lẹ̀ o. Òǹgbẹ ló ń ṣe tiyín.

Bàbá Olódòdó, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ká ní koríko Bahama ni, ǹ bá ní ẹ gbọ́ ti ẹni tó ń gé koríko. Ìyẹn lè gbẹ, kó sì tún jí. Gbòǹgbò kápẹ́ẹ̀tì kò jìn. Ẹ bomi rin ín ní kùtùkùtù, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó rin wọlẹ̀ dáadáa. Wíwọ́n omi ṣín-ín-ṣín-ín lójoojúmọ́, ojú ilẹ̀ ló ń mọ.

Ixora yẹn, ẹ̀ka tó ti kú nìkan ni kí ẹ gé báyìí. Ẹ kó ewé gbígbẹ sí i nídìí, ṣùgbọ́n kó má kan igi rẹ̀ o, ikán Ìjẹ̀bú kì í ṣeré. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí òwú níbẹ̀, kòkòrò ni, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bougainvillea tèmi rèé, inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló ń tanná, n kì í sábà bomi rin ín.

Ará Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́: Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Pẹ̀lú iná tí kì í dúró yìí, kànga dẹ̀rọ mi kò lè gbé gbogbo àgbàlá.

Bàbá Olódòdó, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ máa bomi rin òdòdó àti ibi tí àlejò ń gbà wọlé nìkan. Iléyá 2026 á bọ́ sí ìparí oṣù Karùn-ún, òjò á ti dé ṣáájú. Ibi tó bá kú, ẹ já lára èyí tó yè, kí ẹ gbìn ín síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin.